Ṣé wọ́n rẹ òṣùwọ̀n sílẹ̀ fún obìnrin kó tó wọ ikọ̀ SWAT?

Bí àwòrán obìnrin kan bá jáde lórí ayélujára, tó wọ ayẹta, tó dé akoto, tó dúró pẹ̀lú ìbọn láàárín àwọn ọlọ́pàá SWAT ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn kan á ní, "Obìnrin bí ọkùnrin!" Àwọn yòókù á ní, "Wọ́n ti rẹ òṣùwọ̀n sílẹ̀ fún un ni jàre." Ọ̀rọ̀ kejì yìí la fẹ́ tú wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní òṣùwọ̀n kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Oríṣi ìdánwò méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wá, ẹni tó bá sì pò wọ́n pọ̀ á jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú láìmọ ohun tó ń jiyàn lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà. SWAT ni ikọ̀ tí wọ́n ń pè nígbà tí wàhálà bá ti kọjá ohun tí ọlọ́pàá inú ọkọ̀ pàtíróò lè dá yanjú: ẹni tó gbé ìbọn lọ́wọ́ tó ti ara rẹ̀ mọ́lé, ẹni tó mú ìyàwó àtọmọ ní ìdè, ilé tí wọ́n fẹ́ wọ̀ tí wọ́n sì mọ̀ pé ìbọn wà nínú rẹ̀. Ti Los Angeles bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ọ̀wọ́ 15 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọkùnrin mẹ́rin, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìlú wò kọ́ tiwọn. Ní àwọn ìlú tí kò tóbi, ọmọ ikọ̀ kì í fi SWAT ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Pàtíróò ló ń ṣe, tàbí ìwádìí ọ̀daràn. Ìgbà tí fóònù bá dún láago méjì òru ló ń di ọmọ SWAT.

Nínú ikọ̀ kan náà, iṣẹ́ pín sí oríṣiríṣi. Ẹnì kan ló ń di asà mú níwájú. Ẹnì kan ló ń já ilẹ̀kùn, irin tó sì ń fi já a máa ń wọn nǹkan bíi kìlò 16. Atamátàsé wà lókè òrùlé, ó lè dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà kó má yìnbọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹnì kan ń ju tajútajú, ẹnì kan ń wa ọkọ̀ ayẹta, ẹnì kan jẹ́ oníṣègùn. Àwọn tó ń bá ọ̀daràn dúnàádúrà lórí fóònù sábà máa ń jẹ́ ọ̀wọ́ tiwọn lọ́tọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ihò àjà tí ẹni tó ga ní mítà 1.9 kò lè rá wọ̀, ẹlòmíì á rá wọ̀ ọ́.

Ó di ọ̀rọ̀ ìdánwò. Oríṣi kìíní ni ìdánwò ìlera ara. Ohun tó ń bèèrè ni pé, ṣé ara rẹ yá bó ṣe yẹ kí ara ọkùnrin tàbí obìnrin tó jẹ́ ọjọ́ orí rẹ yá? Púpọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń lo tábìlì tí Cooper Institute, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera kan ní Dallas, ṣe. Iye push-up tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ obìnrin nínú tábìlì yẹn kéré sí ti ọkùnrin. Lóòótọ́ ni. Àmọ́ iye tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ọkùnrin ẹni ọdún 50 náà kéré sí ti ọmọ ọdún 25, a kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo pé wọ́n rẹ òṣùwọ̀n sílẹ̀ fún bàbá.

Oríṣi kejì ni ìdánwò iṣẹ́. Èyí kò bèèrè ọjọ́ orí, kò bèèrè akọ tàbí abo. Ohun tí iṣẹ́ ń gbà ló ń wọ̀n. Ní Califọ́níà, ẹni tó bá fẹ́ jáde nílé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ fa ọmọlangidi tó wọn 165 pọ́n-ùn, ìyẹn kìlò 75, fún ẹsẹ̀ bàtà 32, tó sún mọ́ mítà 10. Ó gbọ́dọ̀ gun ògiri tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kó gun ọgbà onírin tó ga bákan náà. Ọmọlangidi náà kì í fúyẹ́ nígbà tó bá kan obìnrin, ògiri náà kì í sì í bẹ̀rẹ̀ fún un.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí. Obìnrin kan lè ti kọjá ìdánwò ìlera ara tó ní iye ọ̀tọ̀ fún obìnrin nígbà tó ń wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ó lọ dán SWAT wò. Ìdánwò iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ikọ̀ SWAT ń lo láti fi mú èèyàn, iye kan ṣoṣo ló sì wà fún gbogbo ẹni tó bá wá. Ó yege. Àwọn tó rántí tábìlì àkọ́kọ́ á ní tábìlì náà ló gbà á wọlé. Tábìlì yẹn kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹjọ́ kan wà tó la ọ̀rọ̀ yìí yéni. Nílé ẹ̀kọ́ FBI, push-up 30 ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ọkùnrin, 14 lọ́wọ́ obìnrin. Ọkùnrin kan ṣe 29. Wọ́n ní kó máa lọ, ló bá pe ẹjọ́: bó bá jẹ́ obìnrin ni òun, òun ì bá ti yege ní ìlọ́po méjì. Ẹ ò rí i pé ẹjọ́ náà dùn ún sọ? Adájọ́ àkọ́kọ́ tiẹ̀ gbè é. Àmọ́ ní January 2016, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti àgbègbè kẹrin yí i padà. Wọ́n ní ara akọ àti ti abo kò dọ́gba, ìdí nìyẹn tí ìlera kan náà kì í fi í hàn ní iye kan náà; bí wàhálà tí ìdánwò gbé ka ọkùnrin lórí bá dọ́gba pẹ̀lú èyí tó gbé ka obìnrin, kò sí ìrẹ́jẹ. Ọ̀rọ̀ ìlera ara ni wọ́n sọ o. Ẹjọ́ yìí kò sọ pé kí ilẹ̀kùn tí ẹnì kan fẹ́ já di fúlẹ́fúlẹ́ fún ẹlòmíì.

Ìbéèrè tó le jù ìyẹn lọ ni pé, ta ló sọ pé òṣùwọ̀n tí gbogbo èèyàn ń bá pàdé yìí tọ̀nà? Iye kan ṣoṣo fún gbogbo èèyàn lè jẹ́ iye tí kò bá iṣẹ́ tan. Ní 1977, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ Dothard àti Rawlinson. Ìpínlẹ̀ Alabama ní wọn kò ní gba wọ́dà tí kò bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì méjì, tàbí tí kò wọn tó 120 pọ́n-ùn. Kò sí ibi tí òfin náà ti dárúkọ obìnrin, àmọ́ obìnrin ló ń ṣẹ́ dànù jù. Ilé ẹjọ́ ní bó bá jẹ́ agbára lẹ ń wá, ẹ wọn agbára; ìga kì í ṣe agbára.

Àwọn aláṣẹ ìgbanisíṣẹ́ ní ìṣirò kan tí wọ́n fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìbéèrè, ó ti wà láti 1978. Bí iye obìnrin tó ń yege kò bá tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iye ọkùnrin tó ń yege, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ gidi ṣe é. Ọlọ́pàá ọkọ̀ ojú irin SEPTA ní Philadelphia ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ sá máìlì kan àtààbọ̀ ní ìṣẹ́jú 12. Láàárín àwọn ọdún tí wọ́n wò fún ẹjọ́ náà ní 1990 sókè, ọkùnrin tó yege sún mọ́ 60 nínú 100, obìnrin jẹ́ 12. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún 60 jẹ́ 48. Méjìlá kò sún mọ́ ọn rárá. Ilé ẹjọ́ ní 1999 sọ fún SEPTA pé kó fi hàn pé ìṣẹ́jú 12 yẹn ni ó kéré jù tí iṣẹ́ náà lè gbà, pé kì í ṣe pé sísáré dára lásán. SEPTA kó ẹ̀rí jọ, ó sì borí ní 2002. Àwọn adájọ́ tún mẹ́nu bà á pé ìgbaradì tí kò pọ̀ jù lè mú obìnrin yege.

Ohun tí ẹjọ́ méjèèjì fi kọ́ni ni pé ẹni tó bá fẹ́ òṣùwọ̀n tó le gbọ́dọ̀ lè fi iṣẹ́ tì í lẹ́yìn. Ọ̀gá ikọ̀ tó ní kí wọ́n fa ara wọn sókè lórí irin nígbà 15 gbọ́dọ̀ lè sọ ògiri tí ìkẹẹ̀ẹ́dógún wúlò fún.

Los Angeles ni ariwo ti pọ̀ jù. Ní 2005, ọmọbìnrin ọmọ oṣù 19 kan kú nínú ìbọn SWAT nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé e mọ́ra tó ń bá wọn jà. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìgbà náà, William Bratton, gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn jáde ní 2008, wọ́n ní ikọ̀ náà ti di agbo tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, pé ìdánwò ìwọlé rẹ̀ gbé agbára ara ga ju sùúrù, làákàyè àti ọ̀rọ̀ sísọ lọ, pé kò sì sí obìnrin kankan nínú rẹ̀. Wọ́n yí ìdánwò náà padà. Lọ́dún kan náà, Jennifer Grasso yege, ó di obìnrin àkọ́kọ́ nínú SWAT Los Angeles, ọdún 41 lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀. Kíá ni àwọn kan so méjèèjì pọ̀: torí obìnrin ni wọ́n ṣe yí i. Ikú ọmọ oṣù 19 tó bí àtúnṣe yẹn kò sì sí nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ.

Ẹ má gbàgbé ibi tí wọ́n ti ń mú ọmọ SWAT. Ẹni tó ti ṣe pàtíróò ní ọdún mélòó kan ni wọ́n ń gbà. Ní Los Angeles kan náà, Fanchon Blake pe iléeṣẹ́ ọlọ́pàá lẹ́jọ́ ní 1973 nítorí pé obìnrin kò lè gòkè kọjá sájẹ́ǹtì, ọ̀rọ̀ náà kò sì parí títí di 1980. Lónìí, nínú ọlọ́pàá 100 ní Amẹ́ríkà, obìnrin jẹ́ bíi 13. Bí agbo tí wọ́n ti ń mú èèyàn bá kéré báyìí, àwọn tó máa dé ibi ìdánwò á kéré sí i.

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ ikọ̀ máa ń bèèrè jù ni èyí: "Bí wọ́n bá yìnbọn fún mi, ta ló máa fà mí jáde?" Kì í ṣe ìbéèrè ẹlẹ́yà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín dáhùn rẹ̀. Ká ṣírò rẹ̀. Ọkùnrin kan wọn kìlò 90. Ayẹta, akoto, ìbọn, ọta, rédíò àti omi á fi nǹkan bíi kìlò 20 sí 25 kún un. Ó ti di bíi kìlò 115 lórí ilẹ̀, kò sì ní fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń fà á. Agbára apá obìnrin ní ìpíndọ́gba lé díẹ̀ lórí ìdajì ti ọkùnrin. Ti ẹsẹ̀ sún mọ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹni tó bá ní kò sí ìyàtọ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Àmọ́ ìpíndọ́gba ni èyí, ìpíndọ́gba kì í sì í wá ṣe ìdánwò. Ẹnì kan péré ló ń wá, òun ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọ̀n.

Èkejì, kìlò 115 nira fún ọkùnrin kan ṣoṣo náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ikọ̀ fi ń kọ́ bí ẹni méjì ṣe ń fa ẹnì kan, tí ayẹta sì ní ọwọ́ ìfà lẹ́yìn ọrùn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú fífa ọmọlangidi ni kéèyàn tẹ ẹ̀yìn, kó máa fi apá fà á. Apá á rẹ̀ ẹ́ kó tó dé mítà márùn-ún. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á jókòó sílẹ̀ díẹ̀, á ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá ọmọlangidi náà, á di ọwọ́ mú mọ́ àyà rẹ̀, á wá fi itan ti ara rẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kúkúrú. Iṣẹ́ itan ni. Ohun tó sábà máa ń gé obìnrin lulẹ̀ ni fífa ara sókè lórí irin àti agbára ìdìmú ọwọ́. Méjèèjì ṣe é kọ́: kéèyàn gun àpótí dé òkè irin, kó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ ti pẹ́ jù.

Ọ̀pọ̀ ìwà ẹgbẹ́ kì í fara hàn lórí pápá ìdánwò. Ó ń fara hàn nínú yàrá, lẹ́yìn ìdánwò. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wà, àwọn ikọ̀ kan sì ń dìbò lórí ẹni tó bá yege. Níbi tí ẹnì kan ṣoṣo bá ti lè sọ pé "Mi ò fẹ́ ẹ" láìsọ ìdí, òṣùwọ̀n kankan kò sí mọ́. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí wọ́n kọ ìbéèrè kan náà sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wá, kí ẹni tó bá kọ èèyàn kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé, kó sì buwọ́ lù ú. Ohun tí èèyàn ò lè kọ sínú ìwé ló sábà máa ń jẹ́ ẹ̀tanú.

Àwọn àròyé mìíràn wà tí wọ́n kì í kọ sílẹ̀. Pé ọkùnrin á fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti dáàbò bo obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyẹn, òun ló sì yẹ kó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀. Pé ìyàwó àwọn ọmọ ikọ̀ kò fẹ́: ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ ibi ìpààrọ̀ aṣọ àti ibi ìtura nínú iṣẹ́ tó gba wákàtí 14 jẹ́ wàhálà gidi, aṣọ ìkélé kan nínú ọkọ̀ sì lè yanjú rẹ̀. Èyí tó fara sin jù ni ìyìn tó ń ti èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Obìnrin mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ fi í sídìí fóònù." Iṣẹ́ ńlá ni dídúnàádúrà, àmọ́ bí gbogbo obìnrin tó wá fún iṣẹ́ atamátàsé bá ń bára rẹ̀ nídìí fóònù, ẹ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Bákan náà, bí obìnrin àkọ́kọ́ bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á ní obìnrin kò lè ṣe é. Bí ọkùnrin bá ṣe irú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa dá.

Aṣọ àti irinṣẹ́ náà ń ṣe tiwọn, àwọn èèyàn kì í sì í ka èyí sí. Ayẹta tí wọ́n gé fún àyà ọkùnrin máa ń ta kúrò lára obìnrin níwájú, á ṣí àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ apá, ibẹ̀ gan-an ni ọta sì ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá jókòó sínú ọkọ̀, ó ń gbéra wá sí ọ̀fun. Pátákó líle tó wà nínú rẹ̀, ojú ihò ọ̀fun ló yẹ kí etí òkè rẹ̀ wà. Bó bá fẹ̀ jù fún èjìká, ìdí ìbọn kò ní jókòó dáadáa, ọta á máa ṣìnà, wọ́n á sì ní obìnrin kò mọ ìbọn yìn. Òṣùwọ̀n ayẹta tuntun tí NIJ, iléeṣẹ́ ìwádìí ètò ìdájọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2023, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0101.07, ti wá ní ọ̀nà tó dára sí i láti fi dán ayẹta obìnrin wò. Irun tí wọ́n dì sí ìpàkọ́ máa ń ti akoto wá síwájú dé ojú, nítorí náà kó dì í sílẹ̀ sọ́rùn. Ìbòjú gáàsì tó tóbi jù kì í dí mọ́ ojú tóóró, tajútajú á wọlé. Ìwọ̀n kékeré ni kí wọ́n rà, kí wọ́n dán an wò kí ọjọ́ iṣẹ́ tó dé.

Ó ku oyún. Ọ̀gá kan kò lè sọ ní Amẹ́ríkà pé òun kò gba obìnrin torí ó lè lóyún. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 1991, nínú ẹjọ́ iléeṣẹ́ bátìrì Johnson Controls tó lé obìnrin kúrò nídìí òjé torí ó lè ṣe ọmọ inú wọn lára. Òjé kan náà wà nínú èéfín ìbọn, ìdí nìyí tí ọlọ́pàá aboyún fi máa ń kúrò ní pápá ìyìnbọn tó wà nínú ilé. Láti June 2023, òfin ní kí agbanisíṣẹ́ wá àyè fún un. Ikọ̀ tó létò á ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọkùnrin tí orúnkún rẹ̀ já: iṣẹ́ ìrọ̀rùn, ìsinmi, ìdánwò kan náà nígbà tó bá padà dé.

Ẹni tó ń ka èyí nílé lè ní, ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ obìnrin àti ohun ìjà kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa: àwọn Ẹ̀gbá tó dúró lórí odi Abẹ́òkúta nígbà tí ọmọ ogun obìnrin Dàhòmì kọlù wọ́n ní 1851 àti 1864 kò ráyè jiyàn bóyá obìnrin lè jà. Àmọ́ ní Nàìjíríà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, kò tiẹ̀ dé orí ìdánwò. Obìnrin wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1955. Ìlànà Ọlọ́pàá ti 1968 wá to iṣẹ́ wọn: ìwádìí ẹ̀sùn tó kan obìnrin àtọmọdé, yíyẹ ara obìnrin wò, dídá ọmọ ilé ìwé kọjá títì, iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ìlà 123 ní wọn kò gbọ́dọ̀ mú obìnrin wọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú ìbọn, tàbí ti kóńdó àti rògbòdìyàn. Rògbòdìyàn ni wọ́n sì dá mopol sílẹ̀ fún. Nígbà tí wọ́n tú SARS ká ní October 2020 tí wọ́n sì kéde ikọ̀ tuntun tí wọ́n pè ní SWAT, orúkọ Amẹ́ríkà ni wọ́n mú wálé. Ìlà 124, tó ní kí ọlọ́pàá obìnrin tọrọ àyè kó tó lọ́kọ, ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó fagi lé ní 2012. Ẹjọ́ yẹn kò kan 123.